Ẹsẹ̀ Tó Ń Jẹ́ Iṣẹ́ Tí A Kò Rán An

"Dá bọ́tìnnì yẹn padà síbi tí mo fi í sí."

Ohun tí bàbá bá ọmọ rẹ̀ sọ kẹ́yìn nìyẹn. Kò pariwo. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú kí ọmọ lè bá a di okùn ẹsẹ̀ irin mọ́ ọn, ó sì sọ ọ́ bí ẹni tó ní kí wọ́n bá òun pa ilẹ̀kùn dé.

Okùn tí ọmọ ń dì ló gbájú mọ́. Kò gbójú sókè.

"Èmi kọ́, Bàbá. Mi ò fọwọ́ kàn án."

Bàbá wò ó. Ojú télọ̀ ni, ojú tó máa ń wo aṣọ lẹ́ẹ̀kan tí yóò ti mọ ibi tí wọ́n ti gé e ṣì. Ó wò ó títí. Ọmọ di okùn tó kù, ó gbé báàgì irinṣẹ́ rẹ̀ kọ́ èjìká, ó ní ó dàbọ̀, ó jáde. Ọ̀gá rẹ̀ ti ń pe fóònù rẹ̀. Oòrùn kò tíì kan àtàrí tí bàbá fi kú.

Ẹyin lohùn, wọ́n ní bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Èyí tí ọmọ yìí jù sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó gbọ́ ìró rẹ̀ àfi àwọn méjèèjì. Ọ̀kan nínú wọn ti lọ. Ó wá ku ẹnì kan tó ń gbọ́ ọ.

Wálọ́la ni gbogbo àdúgbò ń pe bàbá náà. Kì í ṣe orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ o. Télọ̀ ni, a sì mọ télọ̀: gbogbo wọn ló ń sọ pé "wá lọ́la." Ohun tó mú tirẹ̀ yàtọ̀ ni pé bó bá ní wá lọ́la, tó o sì wá lọ́la, wàá bá aṣọ rẹ lórí ìṣó níbi tó kọ́ ọ sí, á ti lọ̀ ọ́ tán. Àwọn oníbàárà ni kì í gbà á gbọ́. Wọ́n á wá lọ́túnla, wọ́n á bá a tó ti fajú ro.

"Ọjọ́ wo ni mo dá fún yín?"

"Ẹ ní lọ́la, àmọ́ a mọ̀ yín, ẹ̀yin télọ̀."

"Télọ̀ wo lẹ mọ̀? Èmi tàbí àwọn yẹn?"

Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ náà ṣe mọ́ ọn lára bí ẹ̀wù tí wọ́n wọn ara rẹ̀ rán.

Ilé gígùn kan ni wọ́n ń gbé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ la á láàárín. Yàrá tí bàbá àti ọmọ ń sùn wà ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà níwájú, ó kọjú sí títì. Ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ló dojú kọ ọ́. Ọ̀rẹ́ ni òun àti onígbàjámọ̀, ìyẹn ni pé wọn kì í sinmi àríyànjiyàn.

"Wálọ́la, maṣíìnì tó o ń fẹsẹ̀ tẹ̀ bí ẹni tẹ erùpẹ̀ yìí, ṣé kì í rẹ̀ ọ́? Gbogbo ayé ti so mọ́tò mọ́ tiwọn."

"Ìwọ náà lọ so mọ́tò mọ́ ọwọ́ rẹ."

"Orí ènìyàn yàtọ̀ sí aṣọ."

"Òótọ́ lo sọ. Aṣọ tí mo bá bàjẹ́, mo lè tú u. Ìwọ lọ tú orí tó o fá fún olùkọ́ lọ́jọ́sí ká rí i."

Ó ti so mọ́tò mọ́ ọn rí o. Ó rà á, ó lò ó fúngbà díẹ̀, ó yọ ọ́, ó tà á fún ẹlòmíì. Ó ní òun ò mọ ẹni tó ń wa ẹnì kejì nínú àwọn méjèèjì. Ó ní bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ lòun fi ń tẹ̀ ẹ́, òun lè dá abẹ́rẹ́ dúró lórí fọ́nrán òwú kan, ṣùgbọ́n mọ́tò, o ò tíì pè é tó ti dáhùn. Ó ní ìránṣẹ́ tó ń dáhùn kí wọ́n tó pè é, olè ló máa yà.

Ó ní ìwà kan tó máa ń dójú ti ọmọ rẹ̀. Obìnrin kan wọlé lọ́jọ́ kan, ó ń yìn ín nítorí iṣẹ́ ọnà ọrùn ẹ̀wù kan. Gbogbo ènìyàn tó wà níbẹ̀ ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. Wálọ́la ní, "Kì í ṣe abẹ́rẹ́ mi. Ẹni tó ṣe é wà ní òpópónà kejì, mo kàn gbé e fún un ni." Obìnrin yẹn di oníbàárà òpópónà kejì. Nígbà tí ọmọ bi í pé kí ló dé tí kò fi dákẹ́, ó ní ìyìn tí kì í ṣe tẹni, ó máa ń fún ni lábíyá.

Ìyá ọmọ náà kú nígbà tó wà ní kékeré. Orí òkìtì aṣọ gígékù lábẹ́ tábìlì maṣíìnì ló ń sùn lọ́sàn-án, ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ á máa lọ sókè sódò lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀. Ìró yẹn ló fi ń sùn. Bó bá dáwọ́ dúró, á jí. Nígbà tó dàgbà tó pa ìwé tì, bàbá fẹ́ kọ́ ọ níṣẹ́. Ó gbé e jókòó, ó ní, "Ọwọ́ ló ń ṣíwájú, ẹsẹ̀ ló ń tẹ̀lé. Fọwọ́ yí wíìlì wá sọ́dọ̀ ara rẹ, kí ẹsẹ̀ tó gbà á." Ọmọ tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ láìfọwọ́ yí nǹkan kan. Wíìlì sáré padà sẹ́yìn, òwú lọ́ mọ́ra wọn, ó já. Ó rẹ́rìn-ín, ó dìde, ó sì lọ kọ́ iṣẹ́ títẹ́ táìsì sílẹ̀ ilé. Bàbá kò bá a jà. Ẹni tó bá ń tẹ́ táìsì, orí eékún ló ń gbé, eékún ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀ kì í pẹ́ ya. Wálọ́la á gba ṣòkòtò náà, á fi aṣọ líle méjì lé ara wọn, á ki tìmùtìmù pẹlẹbẹ sí àárín, á rán an mọ́ eékún. Àwọn ẹgbẹ́ ọmọ náà níbi iṣẹ́ ń jowú eékún ṣòkòtò rẹ̀.

Ibi tó ti ń gé aṣọ ni àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú un. Ó ṣubú lu tábìlì, sísọ́ọ̀sì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa kúrò nílé ìwòsàn, ẹnu ti tọ́, ọwọ́ ọ̀tún ti ń padà bọ̀ sípò. Ẹsẹ̀ ọ̀tún kò padà. Ó wà níbẹ̀ bí àlejò tí kò mọ ọ̀nà ilé. Wọ́n da aṣọ bo maṣíìnì. Wálọ́la ń jókòó sẹ́nu ṣọ́ọ̀bù, ó ń fọwọ́ rán bọ́tìnnì àti ìṣẹ́tí aṣọ. Onígbàjámọ̀ kò rí i bá jiyàn mọ́. Ìyẹn ló kọ́kọ́ ba ọmọ lẹ́rù.

Dókítà kan ló darí wọn sí yàrá ìwádìí kan tí wọ́n ti ń wá irú rẹ̀. Yàrá gígùn ni, irin méjì tí ènìyàn lè dì mú nà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin rẹ̀, gbogbo ibẹ̀ ń rùn sípíríìtì. Ẹnjiníà tó wà níbẹ̀ jẹ́ obìnrin, kò dàgbà púpọ̀, ó máa ń ki bírò bọ irun tí yóò sì máa wá a kiri. Ẹsẹ̀ irin ló gbé síwájú wọn: ó rí bí ìdajì ṣòkòtò tí wọ́n fi irin ṣe, ó ní oríkèé ní eékún àti ní ọrùn ẹsẹ̀, mọ́tò kékeré wà ní oríkèé kọ̀ọ̀kan, bẹ́líìtì sì dì í mọ́ ìbàdí.

"Bàbá, ẹsẹ̀ yín ò tíì kú," ló wí. "Ọpọlọ yín ló máa ń ránṣẹ́ sí i. Àrùn yìí ba ojú ọ̀nà jẹ́. Iṣẹ́ tí ọpọlọ fi ohùn òkè rán, tó bá fi máa dé inú iṣan, ó ti di ohùn jẹ́jẹ́. Àwa á lẹ etí kéékèèké mọ́ ara yín láti gbọ́ ohùn jẹ́jẹ́ yẹn. Bí a bá ti gbọ́ ọ, ẹsẹ̀ irin á bá yín jẹ́ ìyókù."

Wọ́n dé fìlà kan tí wáyà kún ara rẹ̀ lé e lórí, kí àwọn lè máa gbọ́ ọpọlọ fúnra rẹ̀. Wọ́n lẹ etí mọ́ itan àti ojúgun. Ẹnjiníà ní kó rò ó lọ́kàn pé òun ń rìn. Ó rò ó. Ìlà ojú kọ̀ǹpútà ń lọ gbọọrọ bí ìlà tí télọ̀ fi ṣọ́ọ̀kì fà. Bàbá àti ọmọ padà lọ lọ́jọ́ mìíràn. Ìlà yẹn náà ni. Wọ́n tún padà lọ. Ọmọ ti ń rò ó pé òun ń fi àkókò iṣẹ́ ṣòfò. Ní ìgbà tó yá, ẹnjiníà yìí fa àga jókòó síwájú Wálọ́la.

"Bàbá, láyé yín, kí ni ẹsẹ̀ yìí ṣe jù?"

"Rírìn kọ́. Mi ò kì í lọ ibì kan. Maṣíìnì ló ń tẹ̀."

"Ẹ tẹ̀ ẹ́."

"Èwo nínú àwọn irin yín nibí ni maṣíìnì?"

"Ẹ tẹ̀ ẹ́ nínú ọkàn yín, Bàbá."

Wálọ́la dijú. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kọ́kọ́ na síwájú, ó yí nǹkan kan nínú afẹ́fẹ́ wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ìlà ojú kọ̀ǹpútà fò sókè. Mọ́tò ọrùn ẹsẹ̀ kùn, gìgísẹ̀ rẹ̀ sì gbéra nílẹ̀.

Ó la ojú. "Ta ló ṣe ìyẹn?"

"Ẹ̀yin ni."

"Ẹ má tàn mí o. Mi ò fẹ́ ìrànlọ́wọ́ ìtùnú."

"Ẹ̀yin lẹ pè é, Bàbá. Kò ní lọ bí ẹ ò bá pè é."

Ó fa téèpù tó máa ń fi kọ́rùn, ó fi nu ojú. Ọmọ wo ibòmíì.

Láti ọjọ́ yẹn ni àríyànjiyàn ti tún bẹ̀rẹ̀ láàárín ṣọ́ọ̀bù méjèèjì. Nígbà tó yá, wọ́n ní kó máa gbé ẹsẹ̀ irin náà lọ sílé. Kò sí fìlà nílé, etí ara iṣan nìkan ni. Lẹ́yìn ìbàdí, ní ibi tí bátìrì wà, bọ́tìnnì kan wà tí wọ́n máa ń yí, nọ́ńbà yí i ká. Nọ́ńbà kékeré, ẹsẹ̀ irin á dúró kí iṣan pè é kó tó dìde. Nọ́ńbà ńlá, kò ní dúró de ẹnikẹ́ni, bí ara bá ti mì díẹ̀ á gbé ọ lọ. Nọ́ńbà mẹ́ta ni Wálọ́la ní kí wọ́n fi í sí.

"Ẹ lè dín in kù," ni ẹnjiníà wí, ọmọ gangan ló ń wò. "Ẹ má bù kún un. Bí irin bá ń ṣe gbogbo iṣẹ́, iṣan á káwọ́ gbera, á máa wòran. Ní ìparí a ó dín in kù sí ọ̀kan, a ó sì mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ Bàbá lè tẹ maṣíìnì."

Ohun tí Wálọ́la ń wá náà nìyẹn. Kì í ṣe kó lè rìn lọ sí ibì kankan. Kó tẹ maṣíìnì rẹ̀, kí ó sì jẹ́ ẹsẹ̀ tirẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́.

Bọ́tìnnì ẹ̀yìn yẹn ń pa á lẹ́rìn-ín. "Gbogbo bọ́tìnnì tí mo rán láyé, mo rán an síbi tí ọwọ́ onítọ̀hún á tó. Wọ́n wá rán tèmi sẹ́yìn mi." Okùn ẹsẹ̀ irin ń jẹ ẹ́ lára, ó bá fọwọ́ rán tìmùtìmù sí gbogbo rẹ̀, irú èyí tó máa ń fi sí eékún ṣòkòtò.

Iṣẹ́ ọmọ ni láti fi sípíríìtì nu ara bàbá láàárọ̀, kó lẹ etí mọ́ ojú ibi tí wọ́n sàmì sí, kó di okùn, kó sì tẹ̀lé e lẹ́yìn láti yàrá dé ṣọ́ọ̀bù, ọwọ́ lẹ́bàá ìbàdí, kó má baà ṣubú. Lórí nọ́ńbà mẹ́ta, ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn gùn bí ọjọ́ ebi. Wálọ́la á dúró, á dijú, ọwọ́ rẹ̀ á yí wíìlì tí kò sí níbẹ̀, òógùn á bo iwájú orí rẹ̀, ẹsẹ̀ á wá gbéra. Ìgbésẹ̀ kan nìyẹn. Á sinmi. Ọmọ á máa wo aago fóònù lẹ́yìn rẹ̀.

Símẹ́ǹtì tí wọ́n bá ti pò kì í dúró de ẹni tó ní bàbá aláìsàn. Ọ̀gá kọ́kọ́ sọ ọ́ bí àwàdà. Ó ní, "Ìwọ náà ti ń di Wálọ́la." Lẹ́yìn náà, ọmọ dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ kan, ó bá ẹlòmíì lórí eékún níbi tó fi sílẹ̀ lánàá, tó ń tẹ́ táìsì rẹ̀ lọ. Ọ̀gá ní, "Nígbà tó bá wù ọ́ láti máa jí, wá bá mi."

Ọjọ́ kejì, bó ti ń di bẹ́líìtì mọ́ ìbàdí bàbá lẹ́yìn, ó yí bọ́tìnnì sí méje.

Ó sọ fún ara rẹ̀ pé àánú ni, pé ìyà tó ń jẹ bàbá lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn pọ̀ jù. Kò purọ́ tán. Àánú wà níbẹ̀, àmọ́ ìkánjú ló bí i, ó kàn fi àánú bò ó lórí ni.

Wálọ́la dìde, ó sì ń lọ. Ó ń lọ bí ẹni tí wọ́n ń pè níta. Ó dé ṣọ́ọ̀bù kó tó mọ̀ pé òun ti gbéra. Ó dì mọ́ férémù ilẹ̀kùn, ó ń mí, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Onígbàjámọ̀. Jáde wá."

Onígbàjámọ̀ jáde pẹ̀lú abẹ lọ́wọ́, ó wò ó látòkè délẹ̀. "Wálọ́la, ṣé ìwọ lò ń gbé ẹsẹ̀ ni, àbí ẹsẹ̀ ló ń gbé ọ?"

"Ìlara ò jẹ́ kó o ríran. Ẹsẹ̀ ti rántí."

Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ó ti rántí, àbí? Ìwọ náà rí i."

"Mo rí i, Bàbá," ni ọmọ wí, ó sì sáré lọ síbi iṣẹ́. Kò pẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Kò pẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ọ̀gá dá iṣẹ́ rẹ̀ padà fún un. Ní alaalẹ́, á máa gbọ́ tí bàbá rẹ̀ ń ròyìn ẹsẹ̀ fún oníbàárà àti àwọn tó ń kọjá, á sì máa rò ó pé òun á dá bọ́tìnnì padà lọ́la. Ọ̀la télọ̀ yòókù lọ̀la rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ti ibi iṣẹ́ dé, ó bá bàbá níwájú maṣíìnì. Wọ́n ti ṣí aṣọ kúrò lórí rẹ̀. Onígbàjámọ̀ ló gbé e jókòó síbẹ̀, ó sì ti lọ. Ṣòkòtò iṣẹ́ ọmọ, èyí tó ti ya, ló wà lábẹ́ abẹ́rẹ́. Wọ́n ti rán eékún kan. Ìrán náà bẹ̀rẹ̀ dáadáa létí tìmùtìmù, ó wá yà kúrò lójú ìlà, ó sá gba orí itan ṣòkòtò lọ bí ewúrẹ́ tó já okùn. Wálọ́la ń fi ìka tọ ìrán náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ibi tó ti dúró, á tún padà.

"Ẹ ti ń rán aṣọ, Bàbá," ni ọmọ wí.

"Kì í ṣe abẹ́rẹ́ mi."

Ọmọ bu omi, ó wẹ̀, ó sùn. Ó mọ̀ pé bàbá ti mọ̀. Ilẹ̀ mọ́, bàbá na ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú, ó ní kó dá bọ́tìnnì padà. Ẹ ti gbọ́ ohun tí ọmọ fi dá a lóhùn.

Orí eékún ló wà nígbà tí fóònù dún. Onígbàjámọ̀ ni. Ó ní, "Máa bọ̀." Kò sọ ìdí. Ọmọ fi táìsì kan sílẹ̀ lórí símẹ́ǹtì tútù, igun kan ga ju èkejì lọ. Ó wà bẹ́ẹ̀ títí dòní nínú ilé onílé.

Wọ́n ti tẹ́ bàbá sórí bẹ́ẹ̀dì kó tó dé. Ẹsẹ̀ irin ṣì wà lára rẹ̀, wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń tú u. Ọmọ ló tú u. Nígbà tó kan bẹ́líìtì ìbàdí, ó rí bọ́tìnnì náà. Orí mẹ́ta ló wà.

Ó wo onígbàjámọ̀.

"Òun ló pè mí," ni onígbàjámọ̀ wí. Ó ti di arúgbó láàárín àárọ̀ kan. "Lẹ́yìn tó o jáde. Ó ní kí n bá òun yí nǹkan ẹ̀yìn yẹn sí mẹ́ta. Mo ní ta ló yí i. Ó ní ìwọ ni, pé ọwọ́ rẹ ló ṣèèṣì kàn án níbi tó o ti ń di okùn. Ó ní kí n má bá ọ wí, pé iṣẹ́ ò rọrùn fún ọ, pé ìkánjú ọ̀dọ́ ni."

Ọmọ ń tú bẹ́líìtì náà lọ.

"Mo gbé e jókòó sí maṣíìnì. Ó ní kí n máa lọ, pé mò ń dí òun lọ́wọ́. Mo wá ń gbọ́ ọ láti ọ̀dọ̀ mi. Á lọ díẹ̀, á dúró. Á tún lọ. Kò yá rárá. Mo ní jẹ́ kí n parí orí tó wà lọ́wọ́ mi, kí n lọ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó dákẹ́, mo rò pé òwú ló ń fi bọ abẹ́rẹ́ ni. Ìdajì orí ni mo fá sílẹ̀ fún oníbàárà yẹn, ọmọ mi. Mi ò lè parí rẹ̀."

Wọ́n sin ín. Àwọn èrò wá, wọ́n lọ. Gbogbo wọn ló ń sọ fún ọmọ pé ó tọ́jú bàbá rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ń rí i láràárọ̀ lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn bí òjìji. Bí wọ́n bá ti sọ ọ́, abíyá rẹ̀ á máa fún un. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn, àmọ́ kò sẹ́ni tó sọ pé ó máa ń jókòó ti ni bẹ́ẹ̀, tí yóò máa gba ìyìn láàárín èrò.

Ẹnjiníà wá gbé ẹsẹ̀ irin náà. Ó kọ́kọ́ jókòó. Lẹ́yìn náà ló ní àwọn dókítà ti yẹ gbogbo rẹ̀ wò, pé àrùn yẹn ló tún padà wá, inú ọpọlọ ló ti ṣẹlẹ̀, kì í ṣe irin, kì í ṣe ìrìn. Ọmọ ní ó dáa. Ó bá a gbé ẹsẹ̀ irin sínú àpótí rẹ̀, ó sì béèrè bóyá kí òun tú tìmùtìmù tí bàbá rán mọ́ okùn.

"Jẹ́ ó wà. Ó dára ju tiwa lọ." Ó fọwọ́ pa á. "Bàbá yẹn. Mo gbọ́ pé ó ti ń dé ṣọ́ọ̀bù láìsinmi. Kò sẹ́ni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tètè gbọ́n bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo wọn. Màá máa sọ ọ́ fún àwọn yòókù."

Ó dágbére, ó gbé àpótí jáde. Ọmọ dúró láàárín yàrá. Ó ń gbọ́ bàbá rẹ̀: kì í ṣe abẹ́rẹ́ mi. Ó jáde, ó sáré, ó bá a lẹ́nu ọkọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ ma. Ẹ má sọ ọ́ fún wọn."

"Kí ni?"

"Kì í ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀. Èmi ni mo yí i sí méje. Mò ń pẹ́ dé ibi iṣẹ́."

Ẹnjiníà gbé àpótí sílẹ̀. "Ṣé Bàbá mọ̀?"

"Ó mọ̀. Ó ní kí n dá a padà. Mo ní èmi kọ́."

Ó ń retí kí obìnrin náà bú òun. Ó ti sún mọ́ ọn díẹ̀ pàápàá, bí ọmọ tó na ọwọ́ fún pàṣán. Obìnrin náà yọ bírò kúrò nínú irun rẹ̀, ó ń wò ó.

"Ìwọ nìkan kọ́," ló wí níkẹyìn. "Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tọ́jú wọn nílé ló ń ṣe é. Àwa ló yẹ ká ti tì í pa. Ọjọ́ tó kẹ́yìn ńkọ́?"

"Mẹ́ta ni. Onígbàjámọ̀ ló bá a dá a padà."

"Á jẹ́ pé ohunkóhun tó bá rán lọ́jọ́ yẹn, òun ló rán an."

Ó fọwọ́ kan ọmọ náà léjìká, ó wọ ọkọ̀, ó lọ. Kò bú u. Ká ní ó bú u ni, ọmọ ìbá rí nǹkan gbé padà wọlé.

Onígbàjámọ̀ jókòó sẹ́nu ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Ó ní, "Ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ ṣì wà lábẹ́ maṣíìnì yẹn o. Gbé e wá. Télọ̀ òpópónà kejì ní mọ́tò, kó o tó ṣẹ́jú ó ti parí."

"Ẹ jẹ́ ó wà, Bàbá."

"Lọ́la lo máa lọ síbi iṣẹ́, àbí?"

"Lọ́la ni."

Ọmọ wọ ṣọ́ọ̀bù bàbá, ó fa ilẹ̀kùn mọ́ra. Ó jókòó sórí àga bàbá rẹ̀. Eékún kìíní nìyẹn, pẹ̀lú ìrán tó já okùn. Eékún kejì wà lábẹ́ abẹ́rẹ́, wọ́n rán ẹ̀gbẹ́ kan àti díẹ̀ nínú ẹ̀gbẹ́ kejì. Ojú ìrán kan jìnnà sí èkejì, òmíràn fara kanra, bí ẹsẹ̀ ẹni tó ń sinmi lọ́nà. Ṣùgbọ́n orí ìlà ni gbogbo wọn wà. Wọ́n dé igun, wọ́n yí dáadáa, wọ́n dúró.

Kò tú ti eékún kìíní. Tòun nìyẹn.

Ó gbé ẹsẹ̀ lé pátákó irin ìsàlẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́. Wíìlì sáré padà sẹ́yìn, òwú já. Ó wá orí òwú, ó fi ahọ́n lá a, ó ṣẹ́jú, ó fi bọ ojú abẹ́rẹ́. Kò wọlé. Ó ń tún un fi bọ̀ ọ́ títí tó fi wọlé. Fóònù rẹ̀ ń dún nínú àpò, ọ̀gá ni. Ó jẹ́ kó dún tán.

Ó na ọwọ́ ọ̀tún, ó yí wíìlì wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó dúró kí ẹsẹ̀ gbọ́. Abẹ́rẹ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan. Ó dúró. Ó tún yí i.